Ẹni Tí Dígí Iyọ̀ Mú

Agogo Ògiri dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ṣíbí kan àwo, kò sì ya Fúnmbi lẹ́nu. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń retí rẹ̀. Ó gbé ife gààrí tó ń mu kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì wo pátákó iná tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú kẹtàdínlógún. Dígí iyọ̀.

“Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́,” ó wí fún ara rẹ̀.

Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ọkàn rẹ̀ kàn sọ pé, mo mọ̀. Bí ènìyàn bá fi ọdún mẹ́jọ jókòó sẹ́yìn dígí, tó ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ra ọjà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìfura mọ́. Fúnmbi mọ ọwọ́ olè kó tó dé ibi ọjà. Ó mọ ọwọ́ ẹni tó ń ra nǹkan fún ẹlòmíràn, nítorí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe iyèméjì díẹ̀, bí ẹni tó wọ ilé onílé. Nígbà mìíràn, bó bá fẹ́ ra ọṣẹ tirẹ̀, á kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí kékeré tí wọ́n ṣe sẹ́yìn fún olùṣọ́.

Ọwọ́ tí dígí mú lónìí yìí, oṣù méjì ló ti ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ arúgbó ni, iṣan rẹ̀ yọ síta, òrùka fàdákà kan tó ti fẹ́lẹ́ wà ní ìka rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́ ló ń wá. Iyọ̀ ló ń rà nígbà gbogbo, ìdì tó kéré jù lọ, èyí tí kò lè kún ìdérí ìgò. Ta ní ń jẹ iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ètè rẹ̀ kì í dákẹ́. Àwòrán tí ojú Ògiri ń yà kì í ní ohùn, ṣùgbọ́n Fúnmbi rí i kedere pé ó ń bá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn olè ìlú ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀kan á máa dán dígí wò, èkejì á dúró lókèèrè, á máa ka ètè rẹ̀.

Ká ní àlejò ni, ì bá ti kọ ìwé ránṣẹ́ sí olú-ìlú ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n Màmá Olùkọ́ ni, ìyàwó olóògbé tó kọ́ Fúnmbi ní ìwé kíkà ní ilé-ìwé Ìjọ. Nítorí náà ló ṣe fi ọ̀sẹ̀ méje wò ó níran. Láàárín ìgbà náà dígí mú Màmá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Fúnmbi wá kọ ìwé náà.

Ẹni tí dígí bá mú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á pa ọwọ́ rẹ̀ rẹ́.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó sì yí lọ síwájú. Níbi tí wọ́n ti máa ń ná ọjà ní ọrọọrún nígbà ìyá rẹ̀, Ògiri ló dúró níbẹ̀ báyìí, ojú dígí lórí ojú dígí, ọjà kọ̀ọ̀kan nínú ojú tirẹ̀. Iṣu kan, dígí kan. Tòmátò mẹ́rin jókòó sórí pákó funfun, ìka kan kò tíì tẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ti rọ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà ti sún sẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ síwájú kí gbogbo ayé lè rí i pé òfìfo ni. Kò sí àpò lára aṣọ ẹnikẹ́ni. Télọ̀ tó bá rán àpò sí aṣọ nísinsìnyí, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ìyá Múlíkà ló wà níwájú. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n òfin kò tíì rí nǹkan ṣe sí ẹnu rẹ̀.

“Mo ti sọ ọ́! Mo ní arúgbó tó ń ra iyọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi kọ́lé, nǹkan wà níbẹ̀.”

“Ìyá Múlíkà, ẹ fi Màmá sílẹ̀, jàre,” ọkùnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

“Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀? Ìwọ tí ò ń gbèjà rẹ̀, ṣí fìlà rẹ ká wo abẹ́ rẹ̀ ná.”

Ọkùnrin náà ṣí fìlà kíákíá, orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Màmá Olùkọ́ wà. Rọ́bà dúdú méjì ti yọ láti ẹ̀gbẹ́ ojú dígí, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Wọn kò fún un, wọn kò sì dẹ̀. Ìdì iyọ̀ náà wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Ó gbójú sókè.

“Fúnmbi.”

Fúnmbi kò dáhùn. Olùṣọ́ kò gbọdọ̀ kí ẹni tí dígí bá mú, kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí Ayẹ̀wò, ẹni tó ń yẹ ọ̀ràn wò, yóò fi dé láti olú-ìlú. Wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ ara Ògiri pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

“Fúnmbi ọmọ Adégòkè, o ò kí mi ni?”

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tí kò rò. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò tíì kọjá lára obìnrin yìí rí láìkúnlẹ̀. Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí ìlà.

“Ẹ máa lọ sílé. Ògiri ti tì títí Ayẹ̀wò á fi dé.”

“Ata mi ńkọ́?” Ìyá Múlíkà bèèrè.

“Ata yín wà nínú dígí. Kò ní sá lọ.”

“Èmi kọ́ ló jalè tí ẹ fi ń febi pa mí!” Ṣùgbọ́n ó lọ, ó ń wo ẹ̀yìn bó ti ń lọ, gbogbo wọn sì lọ, oníkálukú pẹ̀lú àlàfo láàárín òun àti ẹni tó wà níwájú.

Fúnmbi bẹ̀rẹ̀ láti yẹ rọ́bà náà wò. Ó gbé etí sún mọ́ dígí, kó lè gbọ́ bóyá ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí dáadáa. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

“Ẹ ṣe sùúrù,” Ògiri ń wí, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn tí kò lè dé etí ẹlòmíràn ju ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lọ. “Ẹ ṣe sùúrù. Kò ní pẹ́.”

Ó mọ̀ pé wọ́n ti fi ohùn sí Ògiri. Oṣù méjì sẹ́yìn ni àwọn ẹlẹ́rọ wá. Wọ́n ní ẹ̀rù dígí ti ń ba ará ìlú jù, ohùn àgbàlagbà kan á máa kí wọn káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni Fúnmbi ń jókòó, dígí ẹ̀yìn tí òun fi ń ra nǹkan sì yadi. Kò tíì gbọ́ ohùn náà rí.

“Ẹ ṣe sùúrù. Kò ní pẹ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí rọ́bà. Ó rí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí òjò ń jò sí lára ògiri rẹ̀. Ó rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó na ọwọ́ ọ̀tún nìkan láti gba ẹfun, olùkọ́ sì fa ẹfun náà sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọwọ́ méjèèjì, Fúnmbi. Ṣé o rí i he lójú ọ̀nà ni?

“Olùkọ́ nìyí,” ó wí.

“Òun ni,” Màmá dáhùn. “Ọdún mẹ́ta kó tó sùn ni wọ́n wá gba ohùn rẹ̀. Wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn. Ẹ káàbọ̀. Ẹ gbà. Ẹ ṣe sùúrù. Ó dìgbóṣe. Ó rò pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Ó wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó kà á bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ àárọ̀ Sọ́ńdè. A gbàgbé rẹ̀. Ó kú. Ó wá di ọjọ́ kan báyìí, mo wá ra iyọ̀, mo tẹ ọwọ́ mọ́ dígí, ó ní, ‘Ẹ gbà.’” Ó mí kanlẹ̀. “Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, Fúnmbi. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀.”

Fúnmbi wo ọwọ́ méjèèjì inú dígí. Ògiri kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá rẹlẹ̀, ó ń sá fún ojú rẹ̀ ni. Ọwọ́ kan ló pè. Bí ọwọ́ kejì bá wọlé, olè ló wọlé.

“Kí ló dé tí kì í mú yín nígbà gbogbo?”

“Ìgbà tí mo bá rántí, mo máa ń dúró. Ìgbà tí mo bá gbàgbé ara mi…”

“Iyọ̀ yìí ńkọ́, Mà? Kí lẹ ń fi ṣe?”

“N ò fi ṣe nǹkan kan. Dókítà ti kọ iyọ̀ fún mi láti èṣí. Òun ló kéré jù nínú gbogbo ọjà wọn. Ta ló lè máa ra iṣu lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fúnmbi, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ Fúnmbi náà ti kú láti ọdún mẹ́ta. Fìlà rẹ̀ wà nílé, bàtà rẹ̀ wà, ìwé orin rẹ̀ wà pẹ̀lú àmì epo lójú ewé. Ohùn rẹ̀ ni kò sí. Òun ló kọ́kọ́ sá kúrò lọ́kàn rẹ̀, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

“Èmi ni mo kọ ìwé nípa yín, Mà.”

“Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún kọ ọ́? Iṣẹ́ rẹ ni.”

“Bí Ayẹ̀wò bá dé, mo máa ṣàlàyé fún un. Mo máa sọ ti ohùn yìí, wọ́n á tú yín sílẹ̀.”

“Rárá o!” Arúgbó náà fún ìdì iyọ̀ mọ́wọ́. “O ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdó-Apá? Ọmọ kékeré kan gbọ́ ohùn Ògiri wọn, ó kígbe pé, ‘Bàbá àgbà!’ Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ohùn náà níbẹ̀. Òfin ni. Ògiri kò gbọdọ̀ jẹ́ ojúlùmọ̀ ẹnikẹ́ni.”

“Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á pa ọwọ́ yín rẹ́. Kò sí dígí kan ní gbogbo ilẹ̀ yìí tó tún máa ṣí fún yín. Ilé Oúnjẹ ní olú-ìlú ni wọ́n máa kó yín lọ, ẹ ó máa tò fún ẹ̀kọ pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́rùn.”

“Kí wọ́n kó mi lọ.”

“Ẹ ò sì ní gbọ́ ọ níbẹ̀.”

Màmá gbójú sí dígí. Fúnmbi rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì ronú débẹ̀.

“Ẹ ṣe sùúrù,” Ògiri wí fún àwọn méjèèjì. “Kò ní pẹ́.”

Fúnmbi dìde, ó lọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó sì ti í sábẹ́ arúgbó náà, kí orúnkún rẹ̀ lè sinmi. Ìyẹn náà lòdì sí òfin.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ọkọ̀ Ayẹ̀wò dé, láìdún, bí ọkọ̀ wọn ti máa ń ṣe. Kúforíjì ni orúkọ Ayẹ̀wò náà. Kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ọkùnrin gbọọrọ, onísùúrù, tí ojú rẹ̀ kì í dúró síbì kan. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́, ó da aṣọ bò ó. Ó wo dígí, ó wo Màmá, ó wo àpótí tó fi jókòó.

“Ta ló gbé àpótí yìí fún un?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

“Mo bá a sọ̀rọ̀.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló bani lẹ́rù jù. Ó ní kí àwọn wọlé, Fúnmbi sì ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn Ògiri. Nígbà tí ilẹ̀kùn tì, ó ṣí aṣọ orí apẹ̀rẹ̀, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Iyọ̀. Ìdì kéékèèké ń yọ̀, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀.

“Mo ti yẹ ilé rẹ̀ wò kí n tó dé ibí. Lábẹ́ ibùsùn, nínú ìkòkò, láàárín aṣọ òkè inú àpótí. Kí ni àwọn ará ìlú yín ń pe irú èyí?”

Fúnmbi mọ ohun tó ń retí. “Títà lọ́wọ́, láìgba inú Ògiri.”

“Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, yàtọ̀ sí ọwọ́ tí wọ́n máa pa rẹ́. Arúgbó kò sì lè dá irú rẹ̀ ṣe.” Ó tẹ pátákó, àwòrán yọ: Màmá lórí ìkúnlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. “Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ ò rí ẹlòmíràn nínú àwòrán.”

“Ìyẹn ni mo fi ń bèèrè. Ẹni tí mi ò rí ni mò ń wá. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn Ògiri, tó mọ ìgbà tí ojú Ògiri máa ń ṣẹ́.” Ó wò ó. “Ẹ kọ ìwé lé e lórí lọ́jọ́ Ajé. Lónìí ẹ gbé àpótí fún un. Mi ò mọ èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n gbà gbọ́.”

Ó gbé wàláà ẹ̀rí kalẹ̀ láàárín iyọ̀. Àyè méjì ló wà lójú rẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà. Ọ̀kan sọ pé, Ó JALÈ. Èkejì sọ pé, ÒGIRI ṢÌ Í MÚ.

“Ẹ̀yin ni olùṣọ́, ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi í sórí èkejì, tí n kò sì rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tiyín náà á bá tirẹ̀ lọ.”

Fúnmbi wo wàláà náà. Bó bá sọ gbogbo òtítọ́, ọwọ́ Màmá á yè, ohùn Olùkọ́ á kú lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá hùmọ̀ irọ́, ẹ̀rọ á já a. Àti pé ẹnu ta ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé, ìwọ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké? Ẹnu tó wà nínú Ògiri yìí náà ni.

Ooru mú. Ayẹ̀wò fi ọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀. Láìronú, nítorí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ni, Fúnmbi bu omi nínú àmù rẹ̀, ó sì gbé e fún un.

Ayẹ̀wò ṣe iyèméjì. “Ṣé kì í ṣe títà lọ́wọ́ nìyí, Mà?”

“Títà ni òfin kọ̀, ọ̀gá. Kò tíì kan omi tí a fi tọrẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹrí ba, ó sì gba ife náà. “Ẹ ṣeun, Mà.”

Fúnmbi kò tíì jọ̀wọ́ ife náà. Ó ń wo ọwọ́ Ayẹ̀wò.

“Ọ̀gá, ẹ má tíì mu ún. Ẹ wo ọwọ́ yín.”

“Kí ló ṣe ọwọ́ mi?” Ó wò ó bí ẹni pé ó máa rí ẹ̀jẹ̀.

“Mélòó lẹ fi gbà á?”

Ọ̀tún wà lára ife, òsì gbé e nísàlẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ síbẹ̀.

“Bí ó bá jẹ́ dígí ni mí,” Fúnmbi wí, “rọ́bà ti dì yín mú nísinsìnyí.”

Ayẹ̀wò rọra gbé ife náà kalẹ̀. “Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi,” ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà díẹ̀. “Ẹran tí mo bá fi ọwọ́ kan gbà, inú ìkòkò ló máa padà sí.”

“Ẹ tún wo àwọn tí Ògiri yìí mú láàárín oṣù méjì. Mẹ́rin ni wọ́n. Kò sí ẹni tí kò tó ọdún márùndínláàádọ́ta nínú wọn. Kí wọ́n tó fi ohùn sí i, kò mú àgbà kankan rí, àwọn ọ̀dọ́ ló ń mú. Ẹ̀yin lẹ fi ohùn àgbà sẹ́nu rẹ̀, ọ̀gá. Bí àgbà bá ní kí ẹni tí a bí ire wá gba nǹkan, báwo lẹ ṣe rò pé ó máa gbà á? Ẹ pe òfin yín ní Òfin Ọwọ́ Mímọ́. Ní ilé-ìwé tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ tó lè mọ́.”

Ayẹ̀wò tẹ pátákó, ó wo àwọn mẹ́rin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló tẹrí ba. Gbogbo wọn ló na ọwọ́ méjì.

“Iyọ̀ ńkọ́?”

“Ìdì mélòó lẹ kó wá?”

“Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá.”

“Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú dígí. Ẹ bi Ògiri mélòó ló ti rà.”

Ó wò ó. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá. Ó mú ìdì kan, ó yí i padà. A kò tíì já a. Ó mú òmíràn.

“Ẹni tó ń tà kì í ní gbogbo ọjà rẹ̀ nílé,” Fúnmbi wí.

“Kò tà á, kò jẹ ẹ́. Kí ló wá ń rà á fún?”

Ibí ni odò ti jìn. Fúnmbi rọra sọ̀rọ̀. “Opó ni, ọ̀gá. Ilé rẹ̀ dákẹ́. Bó bá tẹ ọwọ́ mọ́ dígí níbí, ohùn kan máa ń dá a lóhùn.”

Ojú tí kì í dúró síbì kan wá dúró sára rẹ̀. “Ohùn ta ni?”

“Ẹ̀yìn Ògiri ni mo ń jókòó, dígí tèmi sì yadi. Ẹ lọ gbọ́ ọ fúnra yín.”

Kò purọ́. Kò sì sọ òtítọ́ tán, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì tì í bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ayẹ̀wò jáde, Fúnmbi tẹ̀ lé e. Ó yan ojú ìṣáná, èyí tó kángun sí dígí iyọ̀, ó gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn. Ó tẹ́tí. Lórí àpótí, Màmá Olùkọ́ ń wo ilẹ̀, bí ẹni tó ń ka èèrà. Ayẹ̀wò mú ìṣáná rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

“Ohùn àgbà dáadáa ni,” ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ń wo òrùka fàdákà tó wà nínú dígí. “Ẹ mọ ẹni tó ni ohùn náà, Mà?”

Fúnmbi di ilẹ̀kùn mú.

Màmá gbójú sókè. “Ọmọ mi,” ó wí, “ní irú ọjọ́ orí tèmi yìí, gbogbo ohùn àgbà ló máa ń jọ ti ẹni tí mo mọ̀.”

Ayẹ̀wò wò ó. Ó wo Fúnmbi. Ó wo ìṣáná ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Lẹ́yìn náà ó na wàláà sí Fúnmbi, Fúnmbi sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó kọ ÒGIRI ṢÌ Í MÚ. Ayẹ̀wò gbé tirẹ̀ lé e. Rọ́bà wọlé padà. Ọwọ́ Màmá bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ inú rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Mà. Láti òní lọ, ìdúró ni, ọwọ́ kan ni. Bí ọwọ́ kejì bá tún wọ inú dígí, èmi gan-an kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i.”

“Mo gbọ́.”

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó tún bojú wẹ̀yìn wo Ògiri, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Fúnmbi kò mọ ohun tó kọ. Ó dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi wọ inú eruku, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà ti mọ̀, àti bóyá àánú ló ṣe é tàbí ó kàn fẹ́ lọ mú àwọn ẹlẹ́rọ wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìlà tó gùn, ó rí ọwọ́ náà lórí pátákó rẹ̀. Ó rí òrùka. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni. Ó wo àwòrán dáadáa: Màmá ti fi ìborùn so ọwọ́ òsì mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó so ó le, bí ẹni so ewúrẹ́ tó máa ń já okùn. Ó nà ró gbọnrangandan níwájú dígí iyọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n láti dúró.

Fúnmbi fi yàrá sílẹ̀. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì dúró lẹ́yìn Màmá pẹ́kípẹ́kí, níbi tí ojú Ògiri kò dé, tí etí sì lè gbọ́.

“Ẹ káàbọ̀,” ohùn náà wí. Ohùn náà gan-an ni. Wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Dígí ká sókè. “Ẹ gbà.”

Màmá na ọwọ́ ọ̀tún. Èjìká òsì fà síwájú, ìborùn sì dá a dúró. Ó mú iyọ̀ náà.

“Ẹ má bínú, Olùkọ́,” ó wí fún dígí. “Ọwọ́ kan ni wọ́n ní kí n máa fi gbà á.”

Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ná ọjà tẹ́lẹ̀ rí, orúnkún Fúnmbi méjèèjì kanlẹ̀. Ó di ọwọ́ òsì tí Màmá so náà mú.

“Ẹ káàárọ̀, Mà,” ó wí. Ó wá gbójú sókè sí Ògiri. “Ẹ káàárọ̀, Sà.”

“Ó dìgbóṣe,” Ògiri wí.